Délé Mú Oyèwálé Lọ Rí Dókítà Ìjọba

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, oṣù kẹta ọdún 1996. Délé ló pè, láti inú mọ́tò rẹ̀ ní Camp Springs, Maryland. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Adétutù, ló gbé e, ní wọ́ọ̀dù tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

ADÉTUTÙ: Four West, Adétutù speaking.

DÉLÉ: Àǹtí mi, ẹ káàsán o. Ẹ kú iṣẹ́.

ADÉTUTÙ: Délé. Káàsán. Níkẹ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

DÉLÉ: A dúpẹ́, gbogbo wọn wà. Ẹ kú wàhálà o, wọ́n ní double shift lẹ tún —

ADÉTUTÙ: Délé, mi ò ní àyè. Aláìsàn mi kan ń bọ̀ láti X-ray. Ṣé ẹ ti dé ibẹ̀?

DÉLÉ: A ti dé tipẹ́. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í pẹ́ lẹ́yìn.

ADÉTUTÙ: Àbúrò ẹ ńkọ́?

DÉLÉ: Ó ti wọlé. Dókítà ti pè é. Èmi wà nínú mọ́tò, ní parking lot. Base àwọn ṣójà òfurufú ò jìnnà síbí, bàálù ń kọjá lórí wa ní gbogbo —

[Ariwo bàálù. Ohùn ń já.]

ADÉTUTÙ: Kí lo sọ? Délé? Ṣé o gbọ́ mi?

DÉLÉ: Mo gbọ́ yín. Bàálù ni.

ADÉTUTÙ: Mo ní ta ló wà pẹ̀lú Oyèwálé nínú ilé?

DÉLÉ: Òun nìkan ni.

ADÉTUTÙ: Òun nìkan? Kí ni mo sọ fún ẹ, Délé?

DÉLÉ: Àǹtí, ọkùnrin ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Mi ò lè máa tẹ̀lé e wọ ọ́fíìsì bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

ADÉTUTÙ: Mo ní kó o jókòó tì í. Mo ní tí dókítà bá ti pè é, kó o dìde, kó o sọ pé ìwọ ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀, pé o fẹ́ sọ bó ṣe ń ṣe nílé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́.

DÉLÉ: Ẹ fọkàn balẹ̀. A ti múra sílẹ̀ dáadáa. Kódà tẹ́ ẹ bá rí i báyìí, ẹ ò ní dá a mọ̀.

ADÉTUTÙ: Kí ló máa fà á tí mi ò fi ní dá a mọ̀?

DÉLÉ: [ẹ̀rín] Ó mọ́ tónítóní. Mo mú u lọ sọ́dọ̀ barber láàárọ̀ yìí. Wọ́n fá irùngbọ̀n yẹn dànù. Níkẹ́ lọ sáàtì fún un. Suit mi aláwọ̀ búlúù, èyí tí mo fi ṣe interview iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí, òun ló wọ̀. Ó bá a mu, ó kàn fẹ̀ díẹ̀ léjìká ni.

[Ìdákẹ́jẹ́.]

DÉLÉ: Àǹtí? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ADÉTUTÙ: Suit.

DÉLÉ: Àti táì.

ADÉTUTÙ: O wọ suit fún Oyèwálé, o ní kó lọ bá dókítà tó fẹ́ mọ̀ bóyá orí ẹ̀ ò pé.

DÉLÉ: Ìjọba America ló pè é, Àǹtí. Ẹ ò rántí embassy l'Ékòó ni? Ẹni tó bá mọ́, tó dáhùn ṣáká, òun ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ fún. Ẹni tó ń gbọ̀n, tó ń wolẹ̀, wọ́n á ní kó padà wá. Àbí irọ́ ni mo pa?

ADÉTUTÙ: Eléyìí kì í ṣe embassy.

DÉLÉ: Ibikíbi tí òyìnbó bá ti jókòó sẹ́yìn tábìlì, tó ń bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

ADÉTUTÙ: Délé, fetí sílẹ̀. Dókítà yẹn kò ní tọ́jú ẹ̀. Kò ní fún un lóògùn. Kò ní rí i mọ́ láyé. Bó bá pẹ́ jù, wákàtí kan ni wọ́n máa fi jókòó. Ohun tó bá fi ojú rí àti ohun tó bá fi etí gbọ́ láàárín wákàtí yẹn, òun ló máa kọ ránṣẹ́ sí àwọn Social Security, àwọn ìjọba tó ń fún ẹni tí àìsàn ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lówó. Tó bá rí ọkùnrin tó fá irùngbọ̀n, tó so táì, kí lo rò pé ó máa kọ?

DÉLÉ: Pé ọmọlúàbí ni.

ADÉTUTÙ: [ó mí kanlẹ̀] Ọlọ́run mi.

DÉLÉ: Ṣé ẹ fẹ́ kí n mú u lọ nínú súwẹ́tà yẹn ni? Ó ti wọ̀ ọ́ fún oṣù kan, Àǹtí. Nígbà tí mo wá gbé e nílé yín nírọ̀lẹ́ àná, mo ní láti ṣí fèrèsé mọ́tò nínú òtútù.

ADÉTUTÙ: Kí dókítà náà ṣí fèrèsé tiẹ̀ ni mò ń wí.

DÉLÉ: Ẹ fẹ́ kó lọ ṣe wèrè fún òyìnbó wò.

ADÉTUTÙ: Mi ò ní kó ṣe nǹkan kan. Mi ò ní kó purọ́, mi ò ní kó fa aṣọ ya. Kó lọ bó ṣe jí. Ṣebí bó ṣe ń jí nílé mi lójoojúmọ́ nìyẹn? Ìwọ lo lọ fi irọ́ wọ̀ ọ́ láṣọ, ìyàwó ẹ tún wá fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́.

[Ohùn obìnrin kan lẹ́yìn: "Adé, bed nine is asking for you."]

ADÉTUTÙ: Two minutes, Anna, please. It's family. Délé, ìwé tí mo kọ ńkọ́?

DÉLÉ: Ìwé wo?

ADÉTUTÙ: Èyí tí mo fi sínú envelope. Ojú ewé méjì. Mo ní kó o fi lé dókítà lọ́wọ́.

DÉLÉ: Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyẹn.

ADÉTUTÙ: Délé.

DÉLÉ: Mo kà á.

ADÉTUTÙ: Mi ò ní kó o má kà á. Ṣé o fún wọn?

[Ohùn ń já.]

DÉLÉ: — kò dáa kí àjèjì máa ka irú —

ADÉTUTÙ: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní ṣé o fún wọn?

DÉLÉ: Mi ò fún wọn. Ó wà nílé mi, ní Bowie. Àǹtí, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kó má baà gbọ́ àwọn tó ń pe orúkọ ẹ̀. Pé omi ya wọ ilé àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Pé ó gbé ìkòkò kaná, ó gbàgbé ẹ̀, títí fire brigade fi dé. Ẹ tún kọ ọ́ pé tí ẹ̀rù bá bà á nígbà míì, ó máa ń — mi ò tiẹ̀ lè fẹnu sọ ọ́. Orúkọ Bàbá wa ló wà lókè ìwé yẹn. Headmaster tí gbogbo Ọ̀yọ́ mọ̀.

ADÉTUTÙ: Èwo ni irọ́ níbẹ̀?

DÉLÉ: Mi ò ní irọ́ ni.

ADÉTUTÙ: Ó dáa.

DÉLÉ: Ṣùgbọ́n wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

ADÉTUTÙ: Má pe ọmọ yẹn ní wèrè létí mi. Àìsàn ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣe é, ṣé wàá so táì fún ẹ̀jẹ̀ ríru?

DÉLÉ: Ẹ̀jẹ̀ ríru ò ní í kó ìtìjú bá ìdílé.

ADÉTUTÙ: Ẹ̀n-ẹ́n. A ti débẹ̀ wàyí.

DÉLÉ: Àǹtí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní in lọ́kàn. Pásítọ̀ wa ló sọ ọ́ lọ́jọ́ Sunday, pé ohun téèyàn bá ń fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ ló máa ń dé bá a. Mo ní kó má jẹ́wọ́ àìsàn. Ṣé ìyẹn náà burú ni?

ADÉTUTÙ: Kí lo wá ní kó jẹ́wọ́?

DÉLÉ: Ohun tó yẹ. Tí wọ́n bá ní how are you, kó ní I am fine, thank you, sir. Tí wọ́n bá bi í bóyá ó ń sùn, kó ní very well. A jókòó tì í lálẹ́ àná, èmi àti Níkẹ́, a kọ́ ọ títí. Níkẹ́ ti gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan pé wọ́n á ní kó máa yọ méje méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Mo kọ́ ọ. Ninety-three, eighty-six, seventy-nine. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá, ó ti ń kà á bí orin.

ADÉTUTÙ: O kọ́ ọ ní ìdáhùn.

DÉLÉ: Bí Bàbá ṣe máa ń kọ́ wa kó tó di ọjọ́ Common Entrance.

ADÉTUTÙ: Délé, kí ló dé tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní? O rántí? Òun fúnra ẹ̀ ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ form yẹn. Ibi gbogbo tí wọ́n ti bi í pé kí lo ò lè ṣe, ó kọ no problem. Kí wọ́n kí èèyàn nílé Bàbá wa, kó ní ara òun ò le, ìgbájú ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ìdí tí mo fi ní kó o tẹ̀ lé e gan-an nìyẹn.

DÉLÉ: Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ jẹ́ ká tún un kọ. Kí ló kánjú?

ADÉTUTÙ: Oògùn ẹ̀ ku ti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìyẹn ló kánjú. Clinic tó ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ti ní kò sí mọ́ lẹ́yìn èyí. Tí Social Security ò bá gbà, kò sí káàdì ìtọ́jú. Tí kò bá sí káàdì, kò sí oògùn. Ṣé o mọ bó ṣe rí ní Christmas, nígbà tí oògùn tán fún ọ̀sẹ̀ méjì péré? O ò mọ̀. O ò sí níbẹ̀.

DÉLÉ: Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn.

ADÉTUTÙ: Ibo lo rò pé èmi wà? Jáde nínú mọ́tò yẹn. Wọlé lọ bá obìnrin tó wà ní front desk, kó o ní I am his brother, I need to speak to the doctor before he finishes.

DÉLÉ: Kí n wá lọ sọ pé irọ́ ni àbúrò mi ń pa? Lójú òyìnbó?

ADÉTUTÙ: Bẹ́ẹ̀ ni.

DÉLÉ: Wọ́n á ní fraud ni.

ADÉTUTÙ: Délé, ìwọ ọ̀mọ̀wé. Nínú gbogbo America yìí, ta lo gbọ́ pé wọ́n mú nítorí pé ó díbọ́n pé ara òun yá?

DÉLÉ: Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀ ná. Tó bá jáde, a máa —

ADÉTUTÙ: A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Jáde nínú mọ́tò.

DÉLÉ: Ó ti ń bọ̀.

ADÉTUTÙ: Ta ló ń bọ̀?

DÉLÉ: Wálé. Ó ti jáde. Ó ń rẹ́rìn-ín, Àǹtí. Ó ń juwọ́ sí mi.

ADÉTUTÙ: Ó ti pẹ́ tó nínú ibẹ̀?

DÉLÉ: Kò tíì tó ìdajì wákàtí.

[Ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí, ó pa dé.]

DÉLÉ: Wálé, báwo ló ṣe lọ?

OYÈWÁLÉ: [ohùn rẹ̀ jìnnà sí fóònù] Mo gba gbogbo ẹ̀, Bùrọ̀dá.

DÉLÉ: Ẹ gbọ́ ọ? Ó ní òun gba gbogbo ẹ̀.

ADÉTUTÙ: Fún un ní fóònù.

DÉLÉ: Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mí —

ADÉTUTÙ: Délé, fún un ní fóònù.

[Fóònù ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́.]

OYÈWÁLÉ: Àǹtí mi, ẹ káàsán, mà.

ADÉTUTÙ: Wálé mi. Káàsán. Ṣé o ti jẹun?

OYÈWÁLÉ: Mo ti jẹ búrẹ́dì àti ẹyin. Ìyàwó Bùrọ̀dá ló dín in.

ADÉTUTÙ: Ó ṣeun. Sọ fún mi, kí ni dókítà bi ẹ́?

OYÈWÁLÉ: Ó bi mí pé kí ni òní, mo sọ ọ́. Ó fún mi ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta pé kí n fi sọ́kàn. Nígbà tó yá ó tún bi mí, mo kà wọ́n fún un. Ó ní kí n máa yọ méje. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n dé ìsàlẹ̀ tó fi ní that's very good.

ADÉTUTÙ: Ó bi ẹ́ bóyá o máa ń se oúnjẹ?

OYÈWÁLÉ: Ó bi mí. Mo ní yes, sir.

ADÉTUTÙ: Ìgbà wo lo se oúnjẹ kẹ́yìn, Wálé?

OYÈWÁLÉ: Ọjọ́ tí fire brigade wá.

ADÉTUTÙ: Iṣẹ́ ńkọ́?

OYÈWÁLÉ: Mo ní mo kàn fi post office sílẹ̀ láti sinmi díẹ̀ ni. Mo ní mo ti ń wá òmíràn.

ADÉTUTÙ: Ọ̀rẹ́?

OYÈWÁLÉ: Mo ní mo ní ọ̀rẹ́ púpọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì.

ADÉTUTÙ: Ta ni ọ̀rẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì?

OYÈWÁLÉ: Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, Àǹtí.

ADÉTUTÙ: Mo mọ̀. Àwọn tó ń pè ẹ́ ńkọ́? Ó bi ẹ́ nípa wọn?

OYÈWÁLÉ: Ó ní do you ever hear things that other people don't hear. Mo ní no, sir.

ADÉTUTÙ: Ṣé wọ́n dákẹ́ lónìí ni?

OYÈWÁLÉ: Rárá. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bi mí. Ẹnu dókítà ni mo tẹjú mọ́. Tí ẹnu ẹ̀ bá mì, mo mọ̀ pé tiẹ̀ nìyẹn, mo dáhùn.

ADÉTUTÙ: Wálé. Ṣé o gbọ́ mi?

OYÈWÁLÉ: Mo gbọ́ yín, mà.

ADÉTUTÙ: Wàá padà wọlé. Ohun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi yìí, wàá sọ ọ́ fún dókítà. Gẹ́lẹ́ bó o ṣe sọ ọ́. Kó o ní ẹnu ẹ̀ lò ń wò.

OYÈWÁLÉ: Mi ò lè padà, Àǹtí.

ADÉTUTÙ: Kí ló dé?

OYÈWÁLÉ: [ó rẹ ohùn sílẹ̀] Inú Bùrọ̀dá dùn sí mi. Lálẹ́ àná, òun ló fọ ẹ̀yìn fún mi. Ó so táì fún mi láàárọ̀. Ó sọ fún barber pé this is my younger brother, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀ tó fi sọ ọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀ jókòó tì mí, a jọ jẹun. Tí mo bá padà lọ sọ ọ́, kò ní jẹ́ kí wọ́n jókòó tì mí mọ́.

ADÉTUTÙ: Tó ò bá sọ ọ́, oògùn á tán, Wálé.

OYÈWÁLÉ: Mo ti rò ó. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo lè fi ọjọ́ mẹ́sàn-án jẹ́ èèyàn gidi.

[Ẹnì kan fa imú.]

OYÈWÁLÉ: Àǹtí, ṣé ẹ ń bínú sí mi ni?

ADÉTUTÙ: Mò ń bínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ẹ. Níbo ni Délé wà?

OYÈWÁLÉ: Ó ti jáde. Ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn mọ́tò. Ó gbọ́ mi. Mo rò pé mo rẹ ohùn sílẹ̀ tó.

ADÉTUTÙ: Fún un ní fóònù, ọmọ mi.

[Fóònù ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Afẹ́fẹ́.]

DÉLÉ: Àǹtí.

ADÉTUTÙ: O gbọ́ ọ.

DÉLÉ: Mo gbọ́. Mo rò pé ó ti ń san ni. Bó ṣe jókòó nídìí tábìlì lánàá, tó ń bá àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, mo sọ fún Níkẹ́ pé wò ó, ilé Àǹtí ni kò bá a lára mu.

ADÉTUTÙ: O ṣeun. Dókítà náà ṣì wà níbẹ̀?

DÉLÉ: Ó wà. Ẹlòmíì ló wọlé tọ̀ ọ́.

ADÉTUTÙ: Ẹ lọ dúró dè é. Bó di ìrọ̀lẹ́, ẹ dúró. Sọ fún un pé ìwọ lo kọ́ ọ ní gbogbo ìdáhùn yẹn, kó o wá sọ bó ṣe wà lóòótọ́.

DÉLÉ: Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ̀yin lẹ̀ ń bá a gbé. Tó bá ní kí lo fi ojú ara ẹ rí, kí ni màá wí? Mi ò dé ilé yín ní Langley Park láti Easter èṣí, àfi àná. Mò ń sọ pé iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ kọ́.

ADÉTUTÙ: Kí ni nígbà náà?

DÉLÉ: Ẹ̀rù ló ń bà mí. Easter yẹn, ẹ̀yin wà ní kíṣìnnì. Mo lọ kí i. Mo bá a nílé ìwẹ̀, omi ń dà, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó yíjú wò mí. Àǹtí, kò mọ̀ mí. Èmi tí mò ń pọ̀n ọ́n lọ síléèwé nígbà òjò. Ó ní who let you in. Mo pa ilẹ̀kùn dé, mo wọ bàtà mi, mo ní ká máa lọ.

ADÉTUTÙ: O ò sọ fún mi.

DÉLÉ: Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ fún Níkẹ́.

ADÉTUTÙ: Lọ sọ ọ́ fún dókítà.

DÉLÉ: Ìyẹn?

ADÉTUTÙ: Ìyẹn gan-an. Ó ju ojú ewé méjì tèmi lọ. Má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Sọ pé o rí i, o sì —

[Ohùn ń já. Ariwo bàálù.]

DÉLÉ: Àǹtí? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Bátìrì ti ń kú lọ.

ADÉTUTÙ: Mo gbọ́ ẹ. Oyèwálé ńkọ́?

DÉLÉ: Ó ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ. Ó ní òun ò rántí. Ó ní òun ò rántí pé òun — Wálé, rárá. Wálé, dìde.

ADÉTUTÙ: Kí ló ń ṣe?

DÉLÉ: Ó ti dọ̀bálẹ̀, Àǹtí. Lórí kọnkéré, lójú gbogbo èèyàn. Ó ń bẹ̀ mí. Ó ní kí n má bínú pé òun ò mọ̀ mí lọ́jọ́ yẹn. Òun ló ń bẹ̀ mí.

ADÉTUTÙ: Gbé e dìde, kẹ́ ẹ jọ wọlé. Délé? Má gbọn eruku kúrò lára ẹ̀, ẹ ṣáà wọlé. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ohùn já pátápátá.]